Igi Òjò Ọ̀nà Issaba

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo lè gba abẹ́ igi òjò kọjá láì tẹ orí ba, ọ̀nà tó ti Issaba lọ sí Pobè kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà nígbàkígbà tó bá wù ú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi alùpùpù sáré lórí ọ̀dà lónìí, tó jẹ́ pé bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rá lásán lẹ ó fà bo orí, ẹ lè má gbà mí gbọ́. Ilẹ̀ wa dúdú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, á la ẹnu débi tí ẹsẹ̀ àgbàlagbà lè há sínú rẹ̀. Bí òjò bá sì ti kàn án, á di àtè. Á gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn, kò sì ní dá a padà. Mo mọ obìnrin kan tó fi bàtà tuntun méjì sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yẹn lọ́nà ọjà, tó tún rí ẹyọ kan nínú wọn he nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rìn nígbà náà. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ti di ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún. Ọkọ̀ akẹ́rù ń wá sí Issaba lọ́jọ́ ọjà láti kó àgbàdo àti epo, á sì kó àwọn ènìyàn lé orí ẹrù náà lọ sí Pobè. Pobè ni irin parí sí. Ọkọ̀ ojú irin á gbéra níbẹ̀ lọ́sàn-án, á ya Sakété, á sì máa lọ sí Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa. Ọkọ̀ ojú irin yẹn kì í bẹ̀rù òjò. Ẹni tó bá ti lè dé Pobè ti dé ibi gbogbo láyé, bí a ti rí i nìyẹn. Láàárín ilé wa àti Pobè ni gbogbo ìṣòro wà, àárín yẹn náà sì ni igi òjò wà.

Àwọn Faransé ló kọ́kọ́ gbé igi náà dábùú ọ̀nà. Igi gbọọrọ kan ni, wọ́n kùn ún ní funfun àti pupa, wọ́n so òkúta wúwo mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo ti orí rẹ̀ mọ́ òpó. Bí òjò bá ti rọ̀, wọ́n á ti ọ̀nà pa. Ọkọ̀ kankan kò ní kọjá títí ilẹ̀ á fi gbẹ, kí táyà má baà gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ọkọ́ àti igbá ṣe. Òfin tó dára ni. Èmi kò bá òfin jà. Nígbà tí òmìnira dé, òyìnbó lọ, igi dúró. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré.

Nítorí kọ́kọ́rọ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá Kékeré wá bá mi nílé mi ní Sakété. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé ọsàn wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ri pátákó kan mọ́lẹ̀ ní oríta tí igi òjò wà tẹ́lẹ̀, kí àwọn sì kọ orúkọ bàbá àwọn sí i. “Ìyá àgbà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé jù nínú ilé wa. Ẹ bá wa kọ gbólóhùn kan tó dára nípa wọn. Ẹ kọ ọ́ pé wọn kò gba rìbá rí.”

Òótọ́ ni. Kò gba rìbá rí. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n ronú. Ìrònú náà nìyí o.

Bàbá mi kú kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀ àti ọmọbìnrin méjì tó wà nílé-ẹ̀kọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tí ìyálé bí. Oṣù mélòó kan péré ló fi jù mí lọ, síbẹ̀ “Ẹ̀gbọ́n” ni mo ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa. Ìyá rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Aguidi, lẹ́bàá Sakété, lẹ́yìn ìsìnkú, ṣùgbọ́n ó fi ọmọ sílẹ̀ kí ó lè parí ìwé. Abẹ́ ìyá mi la jọ dàgbà sí. Orí ẹní kan náà la ń sùn, aṣọ tí wọ́n bá rán fún un ni wọ́n ń rán fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sinmi: ó mọ̀wé jù mí lọ. Èmi ni mo ń ké kíkà sókè kí olùkọ́ lè gbọ́ mi, òun ló mọ ohun tí a ń kà. Bí wọ́n bá fún wa ní ìṣirò, á kọ́kọ́ fi ìka rẹ̀ ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, á wá kọ ìdáhùn sílẹ̀ láì pa nǹkan kan rẹ́. Nílé, òun ló máa ń fọ abọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí á tún fọ tèmi tí mo fi pamọ́ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wa, ọmọ Àjàṣẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, sọ fún ìyá mi lójú gbogbo wa pé, “Ìyá, èyí tẹ́ẹ bí yìí lè yege bó bá múra. Èyí tẹ́ ò bí yẹn ti yege.” Ìyá mi dúpẹ́. Ó dà bíi pé ẹnìkan fi ata sí mi lójú.

Sakété ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò tó máa gbé ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Àjàṣẹ́. Olùkọ́ ti kó àwọn ọmọkùnrin lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì rìn. Ó ní kí àwa ọmọbìnrin méjèèjì wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ́jọ́ ọjà, kí a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Pobè lọ́sàn-án, òun á dúró dè wá ní Sakété. Ìdánwò di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó rọrùn. Ìyá mi di ẹ̀kọ àti ẹja yíyan fún wa, ó da omi sílẹ̀ fún wa lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbàdúrà. Òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ wa dé ìdí igi òjò, igi ti wà nílẹ̀. Bàbá Kékeré jókòó síwájú ahéré rẹ̀ pẹ̀lú fìlà tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní bó ṣe ń dán ilẹ̀ wò. Á bọ́ bàtà, á rìn lọ síwájú igi ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá, á fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, á dúró díẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ náà. Bí omi bá sun sínú ojú ẹsẹ̀ náà, ọ̀nà kò ṣí nìyẹn. Gbogbo ènìyàn mọ gìgísẹ̀ Bàbá Kékeré láti Issaba dé Towé. Wọ́n ní ìjọba ní ìwé, òun ní gìgísẹ̀.

Ó tẹ ilẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Omi sun.

Ènìyàn bí ogún la wà lórí ọkọ̀ náà. Àwọn obìnrin elépo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkùnrin oníṣòwò kan tó wá láti Ìlaró láti ra àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

“Ní ọ̀dọ̀ tiwa,” ó ní, “mọ́tò kì í dúró de òjò. Òjò ló ń dúró de mọ́tò.”

“Kí ló wá lé ọ kúrò lọ́dọ̀ tiyín?” obìnrin elépo kan dá a lóhùn. “Ṣé àgbàdo ni kò hù níbẹ̀ ni, àbí ìyàwó ló lé ọ jáde?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Awakọ̀ wa kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá Bàbá Kékeré, ó bọ́ fìlà.

“Bàbá, ẹ wojú ọ̀run. Oòrùn ti yọ.”

“Ojú ọ̀run ni ó yọ sí,” Bàbá Kékeré ní. “Ilẹ̀ ni ọkọ̀ tìrẹ ń rìn.”

“Àwọn ọmọ yín wà nínú ọkọ̀. Ìdánwò ni wọ́n ń lọ. Ẹ ṣí i nítorí tiwọn.”

“Nítorí tiwọn gan-an ni mi ò ṣe ní í ṣí i. Òyìnbó ti lọ. Bí mo bá ṣí i fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lónìí, wọ́n á ní ẹ ò rí i, dúdú kò lè ṣọ́ nǹkan, tìdílé rẹ̀ ló ń ṣe. Mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.”

Àwọn obìnrin yẹn mi orí pé òótọ́ ni. Àwọn kan tilẹ̀ ní ó ṣe é dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa rí lọ́dún òmìnira yẹn. Gbogbo ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ kan mú ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé ọwọ́ òun kò mọ́, ara ọmọ ilé rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ máa ń fi ẹ̀rí ìwà mímọ́ rẹ̀ hàn.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. “Bàbá Kékeré, ẹ jẹ́ kí àwa máa fi ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tó ń rìn kì í ba ọ̀nà jẹ́. Bí a bá gbéra báyìí, a ó bá ọkọ̀ ojú irin.”

Òótọ́ ló sọ. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. A lè rìn ín. Ẹ fi ibí yìí sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ, nítorí ibí ni ẹjọ́ mi dúró sí.

“Ọmọ ilé mi kò ní wọ ẹrẹ̀ lọ ṣe ìdánwò níwájú ọmọ ará Sakété,” Bàbá Kékeré ní. “Ẹ jókòó. Kí oòrùn tó dé àtàrí, màá ṣí i.”

Ọmọdé kì í sọ fún àgbà nígbà náà pé irọ́ ni. A jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi fi àkókò náà bi mí ní ìbéèrè. Ó ní kí n ka àwọn odò ilẹ̀ wa, kí n ka ìṣirò ìlọ́po, kí n ka àwọn ọ̀rọ̀ Faransé tó máa ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbàkígbà tí mo bá ṣì í, á rọra tún un ṣe, á ní, “Tún un sọ.” Bàbá Kékeré tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, omi sun. Ó tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, omi sun díẹ̀. Oòrùn dé àtàrí, ó rékọjá. Ọkùnrin Ìlaró ti sùn. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò lọ́nà mọ́.

Nígbà náà ni a gbọ́ ìró ọkọ̀ láti ọ̀nà Issaba. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ funfun ni. Ènìyàn ńlá kan láti Àjàṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó wá kí àwọn àgbẹ̀ wa láti àná. Fèrè ọkọ̀ náà kò tíì dún lẹ́ẹ̀kejì tí Bàbá Kékeré ti yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ wà nínú bàtà. Kò tẹ ilẹ̀ wò. Ó sáré, ó ṣí àgádágodo, ó gbé igi sókè, ó sì bọ́ fìlà.

Awakọ̀ wa ní, “Ẹ̀n-ẹ́n. Ilẹ̀ ti gbẹ nìyẹn?”

“Pa ẹnu rẹ mọ́,” Bàbá Kékeré ní, láì yíjú padà.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó rántí wa. Ó tẹ orí ba níbi fèrèsé ọkọ̀ náà, ó sọ̀rọ̀ ní èdè Gùn ti àwọn ará Àjàṣẹ́, ó tọ́ka sí wa. Ẹni ńlá náà wò wá. Kì í ṣe ojú búburú ló fi wò wá. Ó ní ọmọ kan lè wọlé, pé àyè méjì kò sí, nítorí àgbò tí wọ́n fi ta òun lọ́rẹ ní Issaba wà lórí ìjókòó lẹ́yìn.

Mo rí àgbò náà. Wọ́n tẹ́ àpò sábẹ́ rẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ bí ìyàwó tuntun, ó ń wo iwájú. Àwọn obìnrin elépo rí i. Awakọ̀ rí i. Kò sẹ́nì kankan tó ní kí wọ́n gbé àgbò náà sórí ọkọ̀ akẹ́rù, kí ó máa bọ̀ lẹ́yìn, kí ọmọ ènìyàn jókòó. Ó yẹ kí ẹnìkan sọ ọ́. Ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ di fìlà rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Èyí àgbà ni kó lọ,” Bàbá Kékeré sọ fún wa. Ó wá wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. “Tètè lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́yìn ilé. O ò ní gbé ẹrẹ̀ wọ ọkọ̀ ọlọ́lá.”

Ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ sẹ́yìn ahéré, níbi tí ìkòkò omi wà. Mo gbọ́ bó ṣe ń bu omi. Èmi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀. Fèrè dún.

“Ọmọ náà dà?” ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà béèrè.

Mo wọlé.

Ẹnikẹ́ni kò tì mí. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo gbé ẹsẹ̀ mi ẹlẹ́rẹ̀ méjèèjì wọ inú ọkọ̀ náà, mo sì jókòó ti àgbò. Bàbá Kékeré wò mí. Ó wo ẹ̀yìn ahéré. Ó tún wò mí. Ó lè fà mí jáde, ọwọ́ kan ló máa gbà á. Ṣùgbọ́n fèrè dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ti ilẹ̀kùn. “Ó yá,” ó ní, “ẹ máa lọ.”

Mo yíjú padà. Ẹ̀gbọ́n mi ti jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó di bàtà rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó ń dán. Ó ń sáré bọ̀. Bàbá Kékeré sọ igi kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò ṣe é láti fi dí i lọ́nà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn igi náà. Ó kàn ń wo ọkọ̀ bí ẹni tó ń ka ìṣirò kan tí kò tọ̀nà.

Ẹni ńlá náà wo ẹsẹ̀ mi àti ẹrẹ̀ tó wà nílẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹsẹ̀ rẹ dọ̀tí, ṣùgbọ́n o yára.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Pobè bí ó ti kù díẹ̀ kí ó gbéra. Ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn nínú ọkọ̀ ojú irin. Àwọn obìnrin tó wà nínú rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba àyè fún ara wọn, ẹnìkan á tẹ́ ìborùn sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní jókòó lé e. Ọ̀kan bi mí bóyá ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo ní rárá. Ó ká ìborùn rẹ̀ kúrò, ó sì gbé agbọ̀n rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń lá lálàá nípa ọkọ̀ ojú irin, oko ọ̀pẹ tó ń sáré sẹ́yìn, èéfín, àwọn ọmọ tó ń juwọ́, mo rí i, mi ò sì gbádùn ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Kò dúró kí Bàbá Kékeré ṣí igi. Ó gba abẹ́ igi náà kọjá, ó fi ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wọ ẹrẹ̀, ó sì rìn dé Pobè. Ọkọ̀ ojú irin ti lọ. Ó tọ irin lẹ́sẹ̀, ó ń fo láti orí igi kan tí wọ́n tẹ́ irin lé dé orí òmíràn. Obìnrin kan tó ń yan gàrí lẹ́bàá irin fún un níbi tó sùn, ó sì tún gbéra kí àkùkọ tó kọ. Nígbà tó dé Sakété, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, a ti wà lẹ́nu ìṣirò. Olùkọ́ wa bẹ̀bẹ̀ fún un. Wọ́n ní òfin ni.

Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí mo jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo ti múra láti sunkún kí ó lè máa bẹ̀ mí, bí mo ti máa ń ṣe nílé. Ó ní, “Ìṣirò wo ni wọ́n fún yín?”

Mo sọ fún un. Ó mú igi kékeré kan, ó ha á sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kọ ìdáhùn. Kì í ṣe ìdáhùn tí mo kọ. Olùkọ́ wa tó dúró lẹ́yìn wa wò ó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì lọ.

Mo yege, ní ìsàlẹ̀ pátápátá orúkọ àwọn tó yege. Wọn kò lè kọ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ìwé ọjọ́ orí tí wọ́n ṣe fún un ní kóòtù fi ọdún kún un nítorí pé ó ga, ó sì ti kọjá ìwọ̀n tí wọ́n ń gbà. Bàbá Kékeré ní kádàrá ni. Ìyá rẹ̀ wá láti Aguidi, ó di ẹrù rẹ̀, ó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fún epo. Wọ́n fún un lọ́kọ kí n tó lo ọdún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ìgbàkígbà tí mo bá ń ti Àjàṣẹ́ lọ sílé, ọkọ̀ ojú irin á dúró ní Sakété, àwọn obìnrin á gbé ọjà sórí, wọ́n á sáré lọ sáré bọ̀ lábẹ́ fèrèsé. Ní ọjọ́ kan, ẹnìkan na igbá ẹ̀pà sísè sí mi, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Aṣọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lọ́rùn mi.

Ó wo inú ọkọ̀, ó wò mí láti orí dé ìsàlẹ̀, ó ní, “Àbúrò. Ẹsẹ̀ rẹ ti gbẹ?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó da ẹ̀pà sí mi nítan títí ó fi kún, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó sì bá ọkọ̀ sáré díẹ̀ bí ó ti ń gbéra. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló ń kí mi. Kì í béèrè ilé, kì í béèrè ọ̀nà. “Ẹsẹ̀ rẹ ti gbẹ?” Nígbà tí mo di olùkọ́, nígbà tí mo bímọ, nígbà tí ọkọ mi kú, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ó ti dárí jì mí, tàbí ó ń rán mi létí ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì.

Mo bá Bàbá Kékeré sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti wú igi òjò kúrò, tó sì ń fi òkúta ìdí rẹ̀ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ lọ láàárọ̀, kí ló sì dé tí kò ní kí wọ́n sọ àgbò kalẹ̀.

Ó ní, “Ta ni mo jẹ́ tí mo máa ní kí ẹni ńlá sọ àgbò rẹ̀ kalẹ̀?” Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú sókè. “Ìwọ tó wọlé ńkọ́?”

Mo dìde láì dágbére fún un. A kò tún jọ jókòó títí ó fi kú.

Ọ̀dà ti wà ní ọ̀nà yẹn báyìí. Ọkọ̀ ojú irin ti dákẹ́ ti pẹ́. Koríko ti bo irin náà, àwọn kan ti kọ́ ilé lé e, àwọn ọmọdé ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni irin gígùn yìí wà fún. Kò sí ẹni tó ń fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò mọ́. Ọkọ̀ ńláńlá ń kọjá lójú òjò, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè, ọ̀dà náà sì ti ń ya. Ẹ̀yin ń sọ pé ayé ti dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí àgbò lórí ìjókòó lẹ́yìn nínú ọkọ̀ àwọn ẹni ńlá, mo sì ń rí ọmọ lẹ́bàá ọ̀nà.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n pè mí láti Aguidi pé kí n tètè máa bọ̀. Òjò ńlá ni. Mo wọ ọkọ̀, mo sì débẹ̀ láàárín ìgbà tí mi ò bá fi sè ẹ̀wà jinná. Ìyẹn ni ọ̀nà tuntun ṣe fún mi. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ kí n tó dé. Àwọn obìnrin ilé ń gbé omi láti wẹ̀ ẹ́. Mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo wẹ̀ ẹ́, ó pẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ẹsẹ̀ náà kò dọ̀tí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ Bàbá Kékeré, gbólóhùn tí ẹ béèrè nìyí fún pátákó yín. Ẹ kọ ọ́ pé kò gba rìbá rí, nítorí òótọ́ ni. Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ṣí ọ̀nà fún àgbò. Bí àyè bá sì ṣẹ́kù nísàlẹ̀, ẹ kọ orúkọ tèmi náà síbẹ̀, kí ẹ fi kún un pé ẹsẹ̀ mi kò tíì gbẹ.